Ẹ Mú Eruku Níbi Tí A Gbé Bí I

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹ̀ka sọ níwájú àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ní gbọ̀ngàn ìpàdé wa ní Jọ́ọ̀sì. Àwọn tí kò lè wá ló bẹ̀ wá pé kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́.)

 

Ìgbìmọ̀ ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí eruku. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín. A ń gbé Òkè-Ọya, eruku ha tún di ohun tí a ń torí rẹ̀ pe ìpàdé? Lọ́dọọdún ni ọyẹ́ ń kó eruku wá bá wa láti Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì, a ń gbọn aṣọ, a ń nu tábìlì, ayé sì ń lọ. Èyí kọ́ ni mo bá wá. Eruku tí àwa fúnra wa ń fi ẹ̀rọ ṣe ni mo wá sọ, nínú ṣọ́ọ̀bù tí a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí òtútù Jọ́ọ̀sì.

Ẹ mọ̀ mí. Pákó ni mo ń tà, ìwé mẹ́fà ni mo kà. N kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta nǹkan yẹ kó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, mo sì ti ń bi àwọn tó mọ̀ jù mí lọ léèrè láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fẹ́ ba ọjà ara mi jẹ́. Oníbàárà tó bá wà láàyè ló ń padà wá ra pákó.

Ní ayé àwọn bàbá wa, igi ni igi. Ìrókò, ọmọ, àfàrà, arèrè: ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa ayùn, ìyẹ̀ igi tó ń jáde nípọn, ó wúwo, ìdí ayùn náà ló ń bọ́ sí. Lónìí, ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ ń gé kì í ṣe igi lásán mọ́. Ohun àpòpọ̀ ni. MDF tí mo ń tà fún yín, igi ni tí wọ́n ti tú di fọ́nrán wẹ́wẹ́ bí òwú, tí wọ́n po gọ́ọ̀mù mọ́, tí wọ́n fi ooru àti ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ di pákó. Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú gọ́ọ̀mù náà ni kẹ́míkà kan wà tí ń jẹ́ fọmadiháìdì. Òun ló ń ta yín lójú nígbà tí ẹ bá tú ẹrù tuntun. Fáíbà tí wọ́n fi ń ṣe tánkì omi àti bọ́ńpà ọkọ̀, fọ́nrán gíláàsì ni, tí wọ́n rẹ sínú rẹ́sìn tó sì gan. Bọ́dífílà tí àwọn tí ń lu ara ọkọ̀ fi ń dí ibi tó tẹ̀, rẹ́sìn àti ìyẹ̀fun òkúta ni. Òkúta àtọwọ́dá tí àwọn olówó ń tẹ́ sí ilé ìdáná, òkúta kúọ́tísì wà nínú rẹ̀ tó ìdá 90 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, rẹ́sìn ló dì í pọ̀. Páànù asibẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́ tó ṣì wà lórí ilé púpọ̀ nínú ìlú yìí, sìmẹ́ǹtì ni pẹ̀lú fọ́nrán asibẹ́sítọ́ọ̀sì.

Ohun tó mú kí wọ́n dára náà ló mú kí eruku wọn burú. Nǹkan wẹ́wẹ́ ni wọ́n kó jọ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Bí irin tí ń sáré bá kàn án, wẹ́wẹ́ náà ni yóò tún padà dà. Fáílín kékeré tí ẹ ń gbé lọ́wọ́ yẹn ń yí tó 11,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tó bá fara kàn án kì í di ìyẹ̀ bí ìyẹ̀ ayùn ọwọ́, ó ń di èéfín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ̀n hàn yín. Irun orí kan nípọn tó nǹkan bí ìdá 70 nínú 1,000 mílímítà. Eruku tí ojú wa ń rí lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, irú bẹ́ẹ̀ ni, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Imú àti ọ̀fun a máa dá èyí dúró. A ó sín, a ó tutọ́, ó tán. Èyí tí kò tó ìdá 10 nínú 1,000 mílímítà ni ọ̀tá. Irun imú kò ká a. Yóò kọjá lọ sínú àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké ní ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni yóò sì jókòó sí. Nígbà tí iṣẹ́ ti parí, tí a ti pa ẹ̀rọ, tí ọmọ iṣẹ́ ti bu omi wẹ ọwọ́ láti jẹ ẹ̀bà rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, eruku yìí ṣì wà lójú afẹ́fẹ́. Èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ lè wà lókè fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó balẹ̀.

Bí ẹnì kan bá ń ṣiyèméjì, kó dán an wò ní alẹ́. Kí ọmọ iṣẹ́ gé pákó MDF kan nígbà tí iná ṣì wà, kí ó pa ẹ̀rọ kí ó sì dúró. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pa iná, kí ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ gan-an láti òdìkejì ibi iṣẹ́ náà, kí ẹ̀yin dúró sí ìhà kejì kí ẹ wo ìtànṣán rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ohun tí ẹ ó rí tí ń fò nínú ìtànṣán yẹn ni ẹ ti ń mí sínú láti àárọ̀. Irú ìmọ́lẹ̀ báyìí ni àwọn tí ń bẹ ilé iṣẹ́ wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò títí di òní.

Nísinsìnyí, kí ni eruku náà ń ṣe fún ènìyàn? Kì í ṣe ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, ó sì yẹ kí a mọ ìyàtọ̀.

Ti igi kọ́kọ́. Ìlú kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ High Wycombe. Àga ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láti ayé àtijọ́, bí wọ́n ti ń fi aṣọ òfì mọ Ìsẹ́yìn. Dókítà obìnrin kan tí ń tọ́jú imú àti ọ̀fun, Esme Hadfield, ṣàkíyèsí pé jẹjẹrẹ inú imú, irú èyí tó ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwọn ènìyàn mìíràn, ń mú àwọn tí ń ṣe àga ní àgbègbè náà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1968. Eruku igi ni, pàápàá ti igi líle. Ní ọdún 1995, àjọ àgbáyé tó ń wádìí jẹjẹrẹ kọ eruku igi mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Ní ọdún 2004 ni wọ́n kọ fọmadiháìdì mọ́ wọn. Nítorí náà ẹni tí ń gé MDF láìsí ààbò, ohun méjì ló ń mí sínú pọ̀.

Ti òkúta burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eruku kúọ́tísì a máa fi ọgbẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró títí yóò fi le bí awọ. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Ní Ọsirélíà, wọ́n rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gé òkúta àtọwọ́dá fún ilé ìdáná tí àrùn yìí mú láàárín ọdún díẹ̀, kì í tilẹ̀ ṣe ogún ọdún. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba wọn fòfin de òkúta náà pátápátá. Ẹ̀yin tí àwọn oníkọ́ńtíráàtì ń gbé lọ sí Àbújá láti lọ tẹ́ irú rẹ̀, ẹ fi etí sílẹ̀.

Lórí fáíbà, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, nítorí a ti fi í dẹ́rù ba àwọn ọmọ iṣẹ́ níbi tí kò yẹ, a kò sì dẹ́rù bà wọ́n níbi tó yẹ. Yíyún tí ń yún ara lẹ́yìn iṣẹ́ fáíbà, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Fọ́nrán gíláàsì tí a fi ń ṣe é kò sí lára àwọn ohun tí àjọ náà sọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ó ń gún awọ ara ni. Omi tútù ni kí ẹ fi ṣàn án kúrò, ẹ má fi ọwọ́ ra á. Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù níbẹ̀ ni rẹ́sìn. Bí a bá fi ẹ̀rọ pépà ha fáíbà tí rẹ́sìn rẹ̀ kò tíì gan tán, eruku rẹ̀ lè sọ ara di ọ̀tá rẹ́sìn náà títí ayé, tó fi jẹ́ pé bí ẹni náà bá tún sún mọ́ ọn, àyà rẹ̀ yóò dí tàbí kí ara rẹ̀ bú. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ti kúrò nínú iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kó gan dáadáa kí ẹ tó hà á.

Mo ní ohun kan láti sọ tó dùn mí. Ọmọ iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé wa padà sí ilé pẹ̀lú ikọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ọ̀gá rẹ̀. Ikọ́ ife ni gbogbo wa sọ pé ó jẹ́. Wọ́n yẹ itọ́ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, kò sí kòkòrò ikọ́ ife níbẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í pé irú iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ẹ̀rọ pépà ló ń dì mú láti àárọ̀ di alẹ́ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ẹ̀yin òbí àti ọ̀gá, bí ọmọ bá ń wúkọ́ tí ẹ gbé e dé ọsibítù, ẹ sọ fún dókítà pé igi ló ń gé, tàbí òkúta, tàbí fáíbà. Ẹ má dúró dìgbà tí yóò béèrè. Kí ẹ sì mọ̀ pé eruku òkúta a máa ṣílẹ̀kùn fún ikọ́ ife gan-an. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ nítorí kúọ́tísì, ikọ́ ife tètè ń mú un. Àwọn méjèèjì lè jọ wà lára ẹnì kan.

Ní ìpàdé ìgbìmọ̀, bàbá kan sọ pé òun ti ń fi ayùn oníná gé pákó fún ọgbọ̀n ọdún, àyà òun sì le bí òkúta Riyom. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ imú tí mo sọ yẹn lè gba ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, ogójì ọdún kó tó yọjú. Àti pé àwọn tí kò là á já kò sí nínú gbọ̀ngàn yìí láti dá bàbá lóhùn.

Ó tó nípa ẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a lè ṣe.

(Níbí ni Akọ̀wé gbé tan àbẹ́là kan sórí tábìlì. Ó pe ọmọ iṣẹ́ kan jáde, ó ní kí ó na ọwọ́ kí ó fi wọn ìwọ̀n jíjìnnà rẹ̀, kí ó sì fẹ́ iná náà. Iná kú. Ó tún tan án, ó ní kí ó dúró síbi kan náà kí ó fa afẹ́fẹ́ sẹ́nu títí iná yóò fi kú. Ọmọ náà fà á títí, iná kò mi. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.)

Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kó lọ jókòó, ó ti ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ́ àbẹ́là yìí ni gbogbo ọgbọ́n fífa eruku. Afẹ́fẹ́ tí a fẹ́ ń rìn jìnnà. Afẹ́fẹ́ tí a fà, èyí tó wà létí ẹnu nìkan ló ń gbọ́ ìpè. Bí ẹnu páìpù yín bá fẹ̀ tó íǹṣì 4, tí ẹ sì gbé e jìnnà sí ayùn ní íǹṣì 4 péré, agbára tó kù níbi ayùn jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tó wà lẹ́nu páìpù. Ẹ sún un sẹ́yìn sí i, ó ti di òfo.

Nítorí náà, fáànù tí a kàn mọ́ ògiri kì í ṣe ẹ̀rọ afa-eruku. Eruku ti kọjá níwájú imú ọmọ iṣẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ fáànù. Èyí tí a gbé kalẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ń fẹ́ tẹ̀ríta burú jù, torí ńṣe ló ń pín eruku kárí ilé. Kí a mú eruku níbi tí a gbé bí i, kó má tilẹ̀ rí ààyè jáde, ohun tí mo ní kí ẹ gbé lọ sílé nìyẹn.

Fún ayùn orí tábìlì, ẹ kan àpótí sí abẹ́ rẹ̀, kí ó dí yíká, kí ihò kan ṣoṣo wà fún páìpù. Kò ná yín ní ohunkóhun ju àjákù puláíwúùdù lọ. Ẹ fi ìdérí bo orí ayùn náà, kí páìpù kejì wà níbẹ̀, nítorí MDF a máa tu eruku sókè bó ti ń tu sísàlẹ̀. Ẹ̀rọ pépà tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ra èyí tó ní ihò lábẹ́ tí ẹ lè so rọ́bà ìfà mọ́. Kí ihò pépà bá ihò ẹ̀rọ mu. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti so gbogbo rẹ̀ tán, tí pépà olówó pọ́ọ́kú tí kò ní ihò wá dí gbogbo ọ̀nà.

Páìpù náà, kí ó kúrú, kí ó tọ́, kí inú rẹ̀ dán. Rọ́bà oníṣẹ́pọ̀ tó ká kiri bí ejò ń jẹ agbára ẹ̀rọ. Ibi tó bá di dandan kó tẹ̀, kó tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú páìpù gbọ́dọ̀ máa sáré tó nǹkan bí mítà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó lè gbé ìyẹ̀ igi lọ. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀ yóò dùbúlẹ̀ sínú páìpù títí yóò fi dí i. Ìdí nìyẹn tí páìpù fífẹ̀ jù fi ń ṣe ìpalára. Ọ̀pọ̀ rò pé bó bá ti fẹ̀ tó ni yóò ti fà tó. Bí ẹ̀rọ mẹ́ta bá wà lórí afa-eruku kan, ẹ fi ìlẹ̀kùn pákó kékeré sí ojú páìpù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ti èyí tí a kò lò. Ẹni tó ṣí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ kò ní èyíkéyìí.

Kí páìpù tó dé inú àpò, kó kọ́kọ́ gba inú dúrọ́ọ̀mù tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí afẹ́fẹ́ yí po nínú rẹ̀. Ìyẹ̀ tó wúwo yóò bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tó fúyẹ́ nìkan ni yóò lọ sínú àpò, àpò kò sì ní tètè dí. Àpò aṣọ tí ń ta eruku lulẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn kò yàtọ̀ sí kí a má fà á rárá. Ẹ gbé e sí ìta, lábẹ́ ìbòrí. Kí ẹ sì wo ibi tí ẹ kọ ojú rẹ̀ sí. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn ń bọ̀ láti ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn. Nígbà òjò, ó ń bọ̀ láti ìhà gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn. Ẹ má gbé ẹrù yín lé ìyá tí ń din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lórí. Àwọn onílé wa, Hausa àti Bẹ́rọ̀m, ń wò wá. Ẹjọ́ eruku kò yẹ kó wà láàárín wa.

Afẹ́fẹ́ tí a fà jáde, òmíràn gbọ́dọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbogbo fèrèsé nítorí òtútù, ẹ̀rọ rẹ̀ yóò máa kérora lásán. Ẹ ṣí ọ̀kan sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ òṣìṣẹ́ wọlé. Ẹ wọ súwẹ́tà.

Fún àwọn tí ń gé táìsì àti òkúta, omi ni ọ̀rẹ́ yín. Ẹ̀rọ tí a ṣe láti máa da omi sórí abẹ ni kí ẹ lò. Mo tún un sọ: èyí tí a ṣe fún omi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da omi sórí fáílín oníná lásán, iná yóò gbé e. Kí ẹ gbá ẹrọ̀fọ̀ náà kúrò nígbà tó ṣì tutù, nítorí tó bá gbẹ, eruku ló tún dà.

Nípa iná, ẹ̀yin ọ̀gá káfíńtà. Ìyẹ̀fun igi tó kúnná nínú afẹ́fẹ́ kì í jó bí igi, ó ń bú gbàmù. Ní Bosley, ní Cheshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ kan tó ń lọ igi di ìyẹ̀fun bú gbàmù ní oṣù keje ọdún 2015, ènìyàn 4 ló bá a lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ kan náà fa ìyẹ̀ igi àti ìpaná irin. Ẹni tó bá fi fáílín lọ irin lẹ́nu páìpù pákó ti ju ẹyin iná sínú àpò. Nígbà ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan gbẹ, páìpù rọ́bà a máa kó iná mànàmáná jọ sí ara rẹ̀, ẹ ti mọ̀ bó ṣe ń ta yín lọ́wọ́. Páìpù irin ló dára jù, kí a sì fi wáyà so ó mọ́ ilẹ̀. Ẹ tú àpò náà kó tó kún. Ẹni tó bá ń bá fáíbà dúdú oníkábọ̀nù ṣiṣẹ́, kó mọ̀ pé eruku rẹ̀ ń gbé iná kọjá. Bó bá wọ inú mọ́tò ẹ̀rọ tàbí jẹnẹrétọ̀, yóò jó o.

Ìgbálẹ̀ gbígbẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí páìpù ti ṣe láti àárọ̀ ni ìgbálẹ̀ ń bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ kí ẹ tó gbá, tàbí kí ẹ lo ẹ̀rọ tí ń fa ìdọ̀tí ilẹ̀. Ẹ wo ara ẹ̀rọ náà: èyí tó ní lẹ́tà M yẹ fún eruku igi, nítorí kì í jẹ́ kí ju ìdá kan nínú 1,000 eruku kọjá. Afẹ́fẹ́ fọ́kánáísà tí ẹ fi ń fẹ́ aṣọ yín nírọ̀lẹ́, òun ló burú jù nínú gbogbo àṣà wa. Ńṣe ni ẹ ń fi ọwọ́ ara yín fẹ́ ẹ sí imú ara yín.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé n kò tíì sọ̀rọ̀ ìbomú. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sẹ́yìn ni, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá kọ́kọ́ ń rà, tí wọ́n á sì rò pé ó parí. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò dá eruku tí mo wí yìí dúró. Èyí tí wọ́n kọ N95 tàbí FFP2 sí lára dára, FFP3 dára jù ú lọ fún kúọ́tísì àti MDF. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ojú yíká. Ẹ̀yin alfa wa àti gbogbo ẹni tó dá irùngbọ̀n sí, kò lè lẹ̀ mọ́ yín. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn o, afẹ́fẹ́ ń gba àárín irun wọlé ni. Ìbòrí kan wà tí bátìrì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ mímọ́ sínú rẹ̀, òun ni kì í bá irùngbọ̀n jà. Ó wọ́n, kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá méjì tàbí mẹ́ta lè dáwó ra ọ̀kan fún ẹni tí ń ha pákó jù.

Lórí asibẹ́sítọ́ọ̀sì, ohun gbogbo tí mo ti sọ kò kàn án. Kò sí páìpù, kò sí àpótí, kò sí ìbomú ọjà tí mo lè ní kí ẹ fi gé e. Ẹ má gé e ni. Ẹ má fi fáílín kàn án, ẹ má lu ihò sí i, ẹ má fọ́ ọ láti fi dí kòtò ọ̀nà. Ní ọdún 1924 ni obìnrin kan, Nellie Kershaw, tí ń ran asibẹ́sítọ́ọ̀sì ní Rochdale, kú lẹ́ni ọdún 33, tí dókítà rí i pé eruku náà ló pa á. Ó di ọdún 1999 kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fòfin de gbogbo rẹ̀. Ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni ìyẹn. Bí onílé bá ní kí ẹ wá tú òrùlé àtijọ́, tí ó sì di dandan, kí ẹ wọ́n omi sí i kó tutù, kí ẹ yọ ìṣó rẹ̀ kí ẹ sì gbé páànù sọ̀ kalẹ̀ ní odidi láìjù ú, kí ẹ fi ọ̀rá dì í. Kí ọmọ tí kò tíì gbọ́n má sí nítòsí. Bí onílé bá ní ó pẹ́ jù, kó wá ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín. Ní Zamfara ní ọdún 2010, àwọn tí ń wa góòlù ń lọ òkúta nínú ìletò àti nínú agboolé, eruku òjé tó wà nínú òkúta náà sì bo ilé. Àwọn ọmọdé tí kò dín ní 400 ni ó pa. Baba wọn kò gbé májèlé fún wọn, eruku ló gbé wọlé. Ti pákó kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ló ń gbà wọlé. Kí aṣọ iṣẹ́ máa sùn ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ẹ má fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọ ọwọ́.

Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn. Ìwé tí ọ̀gá àti òbí ń fọwọ́ sí kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọwọ́ mi ni ẹ̀dà rẹ̀ wà. Ó sọ iye ọdún, ó sọ oúnjẹ àti ibùsùn, ó sọ pé ọ̀gá kò gbọdọ̀ rán ọmọ lọ sí oko, ó sọ iye tí a ó san lọ́jọ́ fíríìdọ̀mù. Kò sí ibì kan tí a kọ eruku sí. Ìyá ọmọ tó wà ní Ogbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀fà, tó fi ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sínú mọ́tò tó ń bọ̀ níbí, kò mọ ohun tí MDF ń jẹ́. Àwa ló fi ọmọ náà tì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ń dá a lábàá pé láti oṣù tó ń bọ̀, kí a fi ìlà mẹ́ta kún ìwé náà: pé ọmọ iṣẹ́ kò ní dúró nídìí ayùn oníná tàbí ẹ̀rọ pépà tí kò ní páìpù ìfà, pé ọ̀gá ni yóò máa ra ìbomú rẹ̀, kì í ṣe ọmọ, àti pé kò ní gé asibẹ́sítọ́ọ̀sì láé. Ọ̀gá tí kò bá lè fọwọ́ sí i, akọ̀wé kò ní lu òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ sí ìwé rẹ̀.

Mo mọ̀ pé owó ń bẹ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ṣọ́ọ̀bù yín wà ní ìlà kan lè jọ dáwó ra afa-eruku kan, kí ẹ máa ti ìlẹ̀kùn páìpù bí mo ti wí. Alága ti ní kí a mú ọ̀rọ̀ yíyá owó lọ síwájú akápò, ẹ ó gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ọ̀gá méjì nínú wa ti kan àpótí sí abẹ́ ayùn wọn, wọ́n sì gbà kí ẹ wá wò ó ní Sátidé tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun alẹ́. Kí olúkúlùkù mú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dání.